Odi Òwu àti Orin Pòpòǹdó

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ yóò gba Ìkirè kọjá. Dòdò ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò fi mọ Ìkirè. Wọn a dúró rà á, wọn a sì máa bá ọ̀nà wọn lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni ó máa ń yà sí Àpòmù tí ó múlé ti Ìkirè. Ẹni tí yóò tún ti Àpòmù dé Ìkòyí kò pọ̀ rárá, àfi bí ó bá ní ẹbí níbẹ̀. Ìkòyí yìí ni ìlú tèmi. Lónìí, ìlú àgbẹ̀ àti ìlú ọlọ́jà ni a ka àwọn ìlú mẹ́ta yìí sí, kò sì sí ohun tí àlejò yóò rí níbẹ̀ tí yóò sọ fún un pé ẹnubodè ni òun wà. Bẹ́ẹ̀, ẹnubodè ni wọ́n ní ayé àtijọ́. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ Ifẹ̀ ti pàdé ilẹ̀ Òwu, ibẹ̀ ni àwọn Ọ̀yọ́ ti ń bá àwọn Ìjẹ̀bú ná ọjà. Nínú igbó tí kò jìnnà sí wa ni ìlú olódi ńlá kan ti di ahoro. Òwu Ìpólé ni ìlú náà. Ìtàn odi rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n n kò lè sọ ọ́ láìsọ bí ó ti kọ́kọ́ dé etí mi.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ bí ọdún méje, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò bàbá mi gbé ìyàwó láti Àbẹ́òkúta wá sí agbo ilé wa. Nítorí pé wọ́n ti bí mi kí ó tó wọlé, ọkọ ni mo jẹ́ sí i. Kò sì pe orúkọ mi rí títí ó fi kú. ‘Akọ̀wé’ ni ó sọ mí, nítorí síléètì tí mo máa ń gbé kiri. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òṣùpá mọ́lẹ̀ rekete, àwa ọmọdé ń ṣeré lójúde, a sì mú orin kan sẹ́nu tí a gbọ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ó jù wá lọ. Orin náà dá lórí ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní pòpòǹdó àti àwọn tí ó jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nínú wa. Ìyàwó yìí ń fọ ìkòkò lọ́wọ́. Ó gbé ìkòkò sílẹ̀, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, kò sì jáde mọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá mi ni ó jáde, pàṣán sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó náà bu ẹ̀kọ fún mi, ó sì ní: ‘Akọ̀wé, ọkọ mi, orin tí ẹ kọ lánàá, eré ni ẹ̀yin fi ń ṣe. Àwọn bàbá wa ni ó jẹ ẹ̀wà náà.’ Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Òwu ni.

Ó ju ogún ọdún lọ kí n tó mọ ohun tí ó ń wí. Mo ti di olùkọ́ ní yunifásítì nígbà tí mo ka ìwé ìtàn tí Samuel Johnson kọ ní àkàfara. Johnson parí iṣẹ́ náà ní 1897, ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah ni ó sì ṣètò bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Nínú ìwé yìí ni mo ti rí orin wa. Johnson kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá kọ ọ́ létí ọmọ Òwu, kí ó múra sílẹ̀ de ohun tí yóò dé bá a. Nínú ìwé yìí kan náà ni mo ti rí orúkọ ìlú mi, Ìkòyí, tí òun pè ní Ìkòyí-Igbó, kí ènìyàn má baà ṣì í mú fún Ìkòyí-Ilé ti Oníkòyí. Orúkọ náà wà láàrin àwọn ìlú tí Òwu pa run. Ìyẹn ni pé kí àwọn aráyé tó fi ẹ̀wà bú Òwu, Òwu ti sọ ilé àwọn bàbá tiwa di eérú. Kò sí ẹni tí ó sọ èyí fún mi ní kékeré. Orin nìkan ni ó kù.

Kí a tó máa bá ìtàn lọ, ó yẹ kí a mọ ohun tí odi jẹ́. Àwọn bàbá wa kì í mọ odi láìgbẹ́ yàrà. Bí wọ́n bá ti ń gbẹ́ yàrà, erùpẹ̀ tí ó ti inú rẹ̀ jáde ni wọn yóò pò tí wọn yóò fi mọ odi sí ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí ilé. Nípa bẹ́ẹ̀, bí odi ti ń ga ni yàrà ń jìn, ọ̀tá tí ó bá fẹ́ wọlé yóò kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó gùn. Ojú ibi tí ọ̀nà gbà wọlé ni ibodè wà, oníbodè ni ó ń ṣọ́ ọ, òun náà ni ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tí ó ń kọjá. Odi ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń dènà ogun, ó sì ń pa owó. Àwọn Ìjẹ̀bú ni ó ṣe èyí tí ó tóbi jù nínú iṣẹ́ yìí. Erédò Sùngbọ́ yí ilẹ̀ wọn ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà, ibòmíràn sì wà tí ó ga tó ogún mítà, bí a bá wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì. Láti 1995 ni ó ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí UNESCO. Odi Òwu kò tó èyí ní gígùn, nítorí pé odi ìlú kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó sọ ìtàn rẹ̀ ni ó gbà pé kò ṣeé fi agbára wọ̀.

Àwọn Òwu kì í ṣe ẹni kékeré. Ìtàn wọn sọ pé ọmọ tí ọmọbìnrin Odùduwà bí ni Olówu àkọ́kọ́. Ó jókòó sórí ẹsẹ̀ bàbá ìyá rẹ̀, ó ń sunkún adé, wọ́n sì gbé e lé e lórí kí ó lè dákẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Asunkúngbadé. Ìgboyà ni wọ́n fi mọ àwọn ọmọ rẹ̀. Lójú ogun, agẹ̀dẹ̀ǹgbé ni wọ́n gbẹ́kẹ̀lé. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí wọ́n bá ọ̀tá wọn já ní ojúkojú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wọ ọjà. Ọjà Àpòmù ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ Ifẹ̀ ni Àpòmù wà, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ni ó jọ ń ná an. Àwọn Ìjẹ̀bú a máa gbé ọjà etí òkun wá, àwọn Ọ̀yọ́ a máa gbé ti òkè ọ̀dàn wá. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ẹrù nìkan ni wọ́n ń tà. Ẹni tí ó bá ṣe àìrìn-pọ̀ pẹ̀lú àwọn ará rẹ̀ lè bá ara rẹ̀ lọ́wọ́ ajínigbé kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó sì ti sún mọ́ etí òkun kí àwọn ará ilé rẹ̀ tó mọ̀ pé wọn kò rí i mọ́.

Ìtàn kan wà nípa ọjà yìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Kí Aólẹ̀ tó jẹ Aláàfin ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, òun náà a máa ná ọjà Àpòmù. Níbẹ̀ ni ó ti ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí oko ẹrú. Baálẹ̀ Àpòmù gbọ́, ó mú un, ó sì ní kí wọ́n nà án. Nígbà tí Aólẹ̀ gun orí ìtẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí ó rántí ni ẹgba náà. Ó ní kí wọ́n gbógun ti Àpòmù. Baálẹ̀ sá lọ sí ọ̀dọ̀ Ọọ̀ni. Nígbà tí ó sì rí i pé ìlú òun yóò parun nítorí òun, ó pa ara rẹ̀, wọ́n sì gbé orí rẹ̀ lọ fún Aláàfin. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Orúkọ Aólẹ̀ wà nínú ìtàn, ikú baálẹ̀ náà wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa ohun tí ó gbẹ̀yìn ọ̀rẹ́ tí wọ́n tà.

Lẹ́yìn ikú Aólẹ̀, ìjínigbé kò dín kù, ńṣe ni ó ń le sí i. Johnson kọ ọ́ pé Adégún Oníkòyí àti Tóyèjẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ránṣẹ́ sí Olówu pé kí ó bá wọn fòpin sí jíjí ọmọ Ọ̀yọ́ gbé ní ọjà Àpòmù. Ẹ ó rí i pé iṣẹ́ rere ni wọ́n rán Òwu. Ẹnubodè ni ó wà, ó lágbára, ó sì ní odi lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Òwu ṣe jẹ́ iṣẹ́ náà ni pé ó gbógun ti àwọn ìlú abẹ́ Ifẹ̀ tí ó yí ọjà ká. Ìkòyí lọ sí i, Àpòmù lọ sí i, Ìkirè náà lọ sí i. Mo máa ń bi ara mi léèrè pé mélòó nínú àwọn tí wọ́n jó ilé mọ́ lórí ní Ìkòyí ni ó jí ènìyàn gbé rí? Ìyá tí ó ń yan èlùbọ́, ọmọ tí ó ń ṣọ́ ewúrẹ́, kí ni tiwọn nínú rẹ̀? Ẹni tí wọ́n rán láti dá ẹrú títà dúró tún wá kó ẹrú bọ̀.

Ifẹ̀ dìde láti gbẹ̀san. Òwu ṣẹ́gun wọn, ó sì tú wọn ká. Fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, ojú ti àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀ láti padà sílé, wọ́n dúró sí ilẹ̀ Ìwó. Nígbà náà ni ìjà tún ṣẹ́ ní ọjà Àpòmù kan náà, láàrin ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Òwu, lórí iye ataare tí ọ̀kan tà fún èkejì. Wọ́n ní ó pé, wọ́n ní kò pé. Àríyànjiyàn di ìjà, ẹ̀mí sì bọ́. Àwọn onítàn fẹ́ràn láti sọ pé ataare ni ó fọ́ Òwu. Kò rí bẹ́ẹ̀ lójú tèmi. Igi tí ó ti gbẹ ni iná ń ràn. Bí Òwu bá ní ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ní àgbègbè yẹn, ọ̀rọ̀ ataare ìbá ti parí sí ààfin. Ìjẹ̀bú ránṣẹ́ sí Ifẹ̀, Ifẹ̀ sì ti ń dúró dè é. Àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tí ogun òkè ti lé kúrò nílé, tí wọn kò ní ohun tí wọn yóò ṣe, dara pọ̀ mọ́ wọn.

Bí wọ́n ṣe dó ti Òwu nìyẹn. Ìjẹ̀bú ní ìbọn, nítorí pé wọ́n sún mọ́ àwọn òyìnbó etí òkun. Agẹ̀dẹ̀ǹgbé ni Òwu ní. Síbẹ̀, ọdún ń yí lu ọdún, odi kò wó. Ohun tí ìbọn kò lè ṣe ni ebi ṣe. Oko wà lẹ́yìn odi, àwọn ọ̀tá sì wà nínú oko. Nígbà tí oúnjẹ tán, àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ pòpòǹdó, tí wọ́n tún ń pè ní awùjẹ, tí wọn kò kà sí oúnjẹ ènìyàn tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ó dó tì wọ́n gbọ́, wọ́n sì fi í kọrin láti ìta odi kí àwọn tí ebi ń pa nínú ilé lè gbọ́. Orin tí a kọ ní òṣùpá nìyẹn. Olówu Akínjọbí sá jáde lọ sí Ẹ̀rúnmu, ìlú bọ́ sí ọ̀tá lọ́wọ́.

Lórí ọdún tí èyí ṣẹlẹ̀, ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò. Akin Mabogunje àti J. D. Omer-Cooper tẹ ìwé kan jáde ní 1971 lórí ipò Òwu nínú ìtàn Yorùbá, Robin Law náà sì ti kọ ti rẹ̀. Àwọn kan fi ìṣubú náà sí ṣáájú 1820, àwọn mìíràn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn ni ohun tí ó tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ ogun náà kò túká. Wọ́n kọjú sí ìlú àwọn Ẹ̀gbá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí 1829. Àwọn Ẹ̀gbá tí ó kù tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́ lọ sí Àbẹ́òkúta ní 1830; àwọn Òwu lọ bá wọn ní nǹkan bí 1834. Àìmọye ènìyàn ni ó dé etí òkun nínú ìdè. Ọ̀kan nínú wọn ni Joseph Wright, ọmọ Ẹ̀gbá, tí wọ́n mú nínú àwọn ọdún 1820 tí ìlú rẹ̀ fọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, ó sì di òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní Sàró. Ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀ ní 1839, ó sọ bí ìyàn ṣe mú nínú ìlú wọn kí ogun tó wọlé. Bí kì í bá ṣe irú rẹ̀, a kò bá má gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni láti inú odi.

Àwọn tí ó ṣẹ́gun fi òfin lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún Òwu kọ́ láéláé. Wọn kò fi ṣeré. Johnson sọ pé ní 1873, ní ohun tí ó ju ogójì ọdún lọ lẹ́yìn ogun náà, ọmọ ọba Òwu kan kọ́ ilé gidi sí abà kan nítòsí ahoro náà. Wọ́n kó ènìyàn lọ wó o. Ẹni tí ó bẹ̀rù ilé kan ṣoṣo lórí ahoro, ó mọ ohun tí òun ṣe níbẹ̀.

Ní ọdún kan tí mo lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kó wa lọ wo ahoro ilé olódi kan ní Ludlow, ní ààlà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, kí àwọn tí ó ṣẹ́gun lè máa ṣọ́ àwọn ará Wales. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àkóso Wales títí di 1689, lẹ́yìn náà ni wọ́n pa á tì, òrùlé jìn. Òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́n, nítorí náà ògiri ṣì dúró. A sanwó kí a tó wọlé. Bí mo ti ń fọwọ́ kan ògiri náà, Òwu ni mo ń rò. Erùpẹ̀ ni tiwa, erùpẹ̀ a sì máa padà sí ilẹ̀. Ohun tí òkúta ń ṣe fún wọn níbẹ̀, ẹnu ni ó ń ṣe é fún wa. Bí ẹnu bá wá fi ohun tí ó wù ú sílẹ̀, kò sí òkúta kankan tí yóò já a nírọ́.

Nígbà tí mo padà dé, mo lọ sí Orílé-Òwu. Òfin àná kò múlẹ̀: ìlú wà níbẹ̀ lónìí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédáadé, ó lọ́ba, ó lọ́jà. Àgbẹ̀ kan mú mi wọ oko kòkó, ó sì fi ibì kan tí ilẹ̀ ti jìn hàn mí, tí òkìtì gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ewé kòkó ti kún inú rẹ̀ dé ìdajì. Mo bi í pé kí ni ó mọ̀ nípa rẹ̀. Ó ní, ‘Yàrà àwọn bàbá wa ni, ọ̀gá. Omi máa ń dúró síbẹ̀. Kòkó ibẹ̀ ń so dáadáa.’ Mo sọ fún un pé ọmọ Ìkòyí ni mí. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, ‘Ẹ káàbọ̀. Ẹ pẹ́ kí ẹ tó wá.’

Ní agbo ilé wa, a ti sìnkú ìyàwó tí ó sọ mí ní Akọ̀wé. Ní ibi òkú náà, mo gbọ́ tí àwọn ọmọdé tún ń kọ orin pòpòǹdó lẹ́yìn ilé, láàrin àwọn ọmọ olóògbé gan-an. N kò mú pàṣán. Mo pè wọ́n jọ, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: Òwu tí ó jó Ìkòyí, àwọn tí ó fi ebi pa Òwu, ataare, odi, ẹ̀wà. Wọ́n fetí sílẹ̀ ju bí mo ti rò lọ. Nígbà tí mo dákẹ́, ọmọbìnrin kan nínú wọn béèrè pé, ‘Bàbá, ta ni ó wá jẹ̀bi nínú wọn?’

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dáhùn ìbéèrè yìí ní kíláàsì, mo sì ní ìdáhùn púpọ̀. Ọ̀yọ́ ní ti rẹ̀, Ifẹ̀ ní ti rẹ̀, Òwu, Ìjẹ̀bú àti Ìkòyí pẹ̀lú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní ìtàn tí ó dá a láre, àwọn mìíràn sì ní orin. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jí ní ọjà Àpòmù, tí ọ̀rọ̀ ti ipasẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀, kò ní odi, wọn kò ní orin, wọn kò sì ní onítàn. Àpòmù àti Ìkòyí wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìsọ̀kan báyìí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìsọ̀kan tí a bá fi ìgbàgbé ṣe, orin kan ṣoṣo ni yóò tú u.

Nítorí náà, mo sọ fún ọmọ náà pé ìbéèrè kan wà tí ó ṣáájú tirẹ̀, kí ó lọ bi ìyá rẹ̀ àgbà wò: àwọn ta ni wọ́n tà ní ọjà náà?